Láti Àpápá dé Ìbàdàn: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí

Ẹ̀yin òbí wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá àgbà ní Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ ṣètò ìrìn náà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Liverpool ní Àpápá dé Marina. Láti ibẹ̀, ẹ wọ mọ́tò lọ sí ibùdó rélùwéè ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tà. Ojú irin náà, tí a ṣí ní ọdún 2021, gùn tó kìlómítà 157. Moniya ni ẹ ó ti sọ̀kalẹ̀.

Rélùwéè kì í dúró de ẹni tí ó pẹ́. Nítorí náà ẹ jáde ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wù tí í mú ni léfòó kò bá kárí àwọn ọmọ, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ náà. Ẹ dúró de òmíràn. Bí rélùwéè tilẹ̀ fi yín sílẹ̀, ìyá àgbà yóò dúró dè yín.