Ọ̀rọ̀ Ni Ẹlẹ́rìí: Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta láti Ìlú Douala

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn baba wa a máa wí pé ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ìkìlọ̀ rere ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tí kò lè kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìlú Douala, ní ẹ̀bá odò Wouri ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, mo ti rí ìhà mìíràn tí ọ̀rọ̀ ní. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ a kú, ilé rẹ̀ a wó, ìjọba a yí padà; ọ̀rọ̀ a sì wà níbẹ̀, a máa jẹ́rìí. Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀rí ìbátan, ẹ̀rí ìpàdé, àti ẹ̀rí àdéhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbátan. Bí a bá ní kí olúkúlùkù wa ka nǹkan dé orí ẹ̀kẹta ní èdè ìyá rẹ̀, ọmọ Yorùbá yóò wí pé ẹ̀ta, ọmọ Ìgbò yóò wí pé atọ, ọmọ Efik yóò wí pé ita, ẹni tí ó ń sọ Swahili yóò sì wí pé tatu. Onílé wa ní Douala ní tirẹ̀ yóò wí pé lalo. Lalo lè dún létí bí àjèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì rárá. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí Swahili bá ti lo t, l ni Duala ń lò: tuma ni Swahili ń pe rírán ènìyàn níṣẹ́, loma ni Duala ń pè é. Irú ìyípadà tí ó ń tẹ̀lé ìlànà báyìí ni àwọn onímọ̀ èdè fi ń mọ ìbátan. Nítorí pé ìjọra ìró nìkan lè jẹ́ èèṣì.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ènìyàn. Moto ni Duala ń pe ẹnì kan, bato ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀. Mtu àti watu ni ti Swahili. Umuntu àti abantu ni ti àwọn Zulu ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti mú orúkọ náà Bantu, tí wọ́n fi ń pe gbogbo agboolé èdè yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà ni pé ní agbègbè ààlà Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà ni àwọn baba ńlá tí ó ni èdè wọ̀nyí ti gbéra, ní nǹkan bí ọdún 4,000 sí 5,000 sẹ́yìn. Wọn kò kọ ìwé kankan sílẹ̀ nípa ìrìn àjò wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọn wà lára ohun tí ó ń ròyìn rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀rí kejì ni ti ìpàdé. Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni a jogún. Òmíràn wà tí a yá. Uku ni Hausa ń pe ẹ̀ta, nítorí agboolé èdè tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Síbẹ̀, nígbà tí àwa Yorùbá bá ń pe àlùbọ́sà tàbí àlàáfíà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni a ń pè, èyí tí àwọn oníṣòwò àti àwọn àáfà gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn ọjà àti ti ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ.

Orúkọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù pàápàá jẹ́ ẹ̀rí ìpàdé. Nígbà tí àwọn atukọ̀ Potogí dé ẹnu odò Wouri ní nǹkan bí ọdún 1472, wọ́n bá edé tí ó pọ̀ jọjọ nínú omi, wọ́n sì pè é ní Rio dos Camarões, èyíinì ni Odò Edé. Òyìnbó kan gbà á lẹ́nu òmíràn, títí tí oúnjẹ atukọ̀ fi di orúkọ orílẹ̀-èdè kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílẹ̀ ní orúkọ tiwọn. Ìtàn àwọn baba wọn wí pé Ewale ni ó tẹ ìlú náà dó, àti pé lára orúkọ rẹ̀ ni a ti rí Duala. Kí á má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará Nàìjíríà! Akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Flora Shaw, ni ó dá orúkọ orílẹ̀-èdè wa nínú ìwé ìròyìn Times ní ọdún 1897.

Ẹ̀rí kẹta ni ó wúwo jù lọ ní ọkàn mi. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1884, Ọba Ndumbe Lobe Bell àti àwọn olórí Duala mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Wọ́n fi àṣẹ ìjọba lé àwọn Jámánì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sí i: ilẹ̀ tí ìlú wọn wà àti oko tí wọ́n ń dá yóò jẹ́ tiwọn àti ti àrọ́mọdọ́mọ wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Gustav Nachtigal gbé àsíá Jámánì sókè.

Láti ọdún 1910, ìjọba Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí gbìmọ̀ láti lé àwọn Duala kúrò ní ẹ̀bá odò, kí àwọn Òyìnbó nìkan lè máa gbé ibẹ̀. Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ ọmọ Ndumbe Lobe, tí ó ti kàwé ní Jámánì, kò gbé idà. Ọ̀rọ̀ inú àdéhùn baba ńlá rẹ̀ ni ó dì mú. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin, ó sì rán akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, lọ síbẹ̀. Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, wọ́n so àwọn méjèèjì kọ́.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà kú pẹ̀lú wọn bí? Rárá o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n yọ orúkọ Nachtigal kúrò lára gbàgede kan ní Berlin, wọ́n sì fi orúkọ Manga Bell rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ó so ọ́ kọ́ kò sí mọ́. Àdéhùn tí ó dì mú ṣì wà ní kíkà, ó sì ń dá wọn lẹ́bi.

Èyí kàn wá, àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ní Douala lónìí, Faransé ni ọ̀pọ̀ ọmọdé fi ń ṣeré ní àdúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì lè kà dé lalo. Bákan náà ni ó rí ní Èkó àti ní Kútọnu, bí èdè tilẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, tí a kò sì kọ sílẹ̀, kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá mú ọ̀rọ̀ ìyá ńlá rẹ̀ wá sí kíláàsì yín, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó túmọ̀ sí àti ẹni tí ó kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ẹlẹ́rìí kan ni ó mú wá.