Nígbà Tí Káńsù Bá Gbé Ìbéèrè Lọ sí Yunifásítì

Tí ẹ bá ń gbé ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí wọn rí: ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, téèpù ìwọnlẹ̀ àti ìwé lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń wọn bí gọ́tà àdúgbò yín ṣe jìn tó. Àwọn aládùúgbò á máa yọjú wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ẹnìkan á ní ìjọba fẹ́ wó ilé, ẹlòmíràn á ní agbowó-orí ni wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n, iṣẹ́ kíláàsì ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín ni ọ̀nà tí ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé yẹn fi lè dé ọwọ́ ẹni tó lágbára láti tún gọ́tà náà ṣe, àti ìdí tí kì í fi í débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni gọ́tà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí káńsù, lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, òpópónà àdúgbò àti iná rẹ̀, gọ́tà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, àti kíkó ìdọ̀tí. Ohun tó ń mú ìlú dùn ún gbé, tàbí tó ń mú un nira, fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ tán. Pé ìpínlẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí mọ́ káńsù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń pe irú àmójútó yìí: sustainability. Ìtọ́jọ́ ni a ó máa pè é níbí. Ẹ fi wé àgbẹ̀ oníṣu. Bó ti wù kí ebi pa á tó, kì í jẹ èbù tó fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìlú tó ní ìtọ́jọ́ ń lo omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti owó rẹ̀ láì jẹ èbù. Ìlú tó ń dalẹ̀ sínú odò, tó ń kọ́ ilé sójú ọ̀nà àgbàrá, èbù ló ń sè jẹ yẹn.

Káńsù mọ ìṣòro rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti àkókò kò tó. Ẹnjiníà kan ṣoṣo lè máa bójú tó afárá, gọ́tà, ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́ pa pọ̀. Ta ni yóò wá jókòó fún oṣù mẹ́ta láti ka iye ọkọ̀ tó ń gba oríta kan kọjá?

Ní òdìkejì ọgbà, yunifásítì ní àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ fún ní dandan. Tí kò bá rí ìṣòro gidi, á fi ìlú àfinúrò dán wọn wò, á gba máàkì sílẹ̀, á sì kó ìwé náà sójú kan. Ó dà bí ọmọ tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ eré lẹ́yìnkùlé, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá òun já ewédú.

Èmi náà se ọbẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga, mo wọn odò kékeré kan láti orísun rẹ̀ dé ibi tó ti ya wọ inú odò ńlá, mo ka gbogbo ààtàn tó wà létí rẹ̀, mo sì di ìwé náà ní páálí líle, ẹ̀dà mẹ́ta. Kò sí èyí tó dé káńsù; kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kó débẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ kí àwọn olùkọ́ mi ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà gbá a dé.

Ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn olùkọ́ méjì rí i pé nǹkan báyìí kò bójú mu. Marc Schlossberg ń kọ́ni ní ìṣètò ìlú, Nico Larco ń kọ́ni ní yíya àwòrán ilé, Yunifásítì Oregon ní ìlú Eugene ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2009 ni ètò tí wọ́n pè ní Sustainable City Year Program bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ètò Ọdún Ìlú. Yunifásítì yóò mú ìlú kan, fún odindi ọdún ìwé kan, kíláàsì oríṣiríṣi yóò sì da iṣẹ́ wọn bo ìṣòro ìlú yẹn. Gresham ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ìlú tó jìnnà sí Eugene ju 100 máìlì lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Salem, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, lẹ́yìn náà Springfield tó fara ti Eugene gan-an.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Ìlú ló ń mú ìbéèrè wá. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, á kọ ohun tó ń gbé wọn lọ́kàn sílẹ̀: ilẹ̀ àárín ìlú tó ṣófo, odò tí wọ́n ti sé mọ́lẹ̀, ilé ìjọba tó ń jẹ iná mànàmáná jù. Ó dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n òun ló yí gbogbo ètò padà. Ohun tó bá wu olùkọ́ láti mọ̀, ó lè má jẹ́ ohun tí ẹnjiníà káńsù nílò ní ọjọ́ Ajé.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá kíláàsì tí ìbéèrè náà bá mu. Kì í ṣe pé wọ́n ń dá kọ́ọ̀sì tuntun sílẹ̀ o. Kọ́ọ̀sì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni, olùkọ́ tó ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni, wákàtí rẹ̀ kò yí padà. Ìlú gidi kan ṣáà ti bọ́ sípò ìlú àfinúrò. Ìbéèrè kan sì lè gba ọ̀dọ̀ kíláàsì mẹ́ta kọjá: àwọn ayàwòrán ilé á ya ojú òpópónà bó ṣe yẹ kó rí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin á wo ohun tí òfin gbà láàyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn á wá bí wọ́n ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀: kì í rán bébà títí ayé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò gbé aṣọ oníbàárà lé e lọ́wọ́, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì dúró tì í.

Alárinà gbọ́dọ̀ wà, ọ̀kan ní yunifásítì, ọ̀kan ní káńsù. Kàlẹ́ńdà àwọn méjèèjì kò dọ́gba rárá. Ní Oregon, sáà ẹ̀kọ́ kan kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè máàpù gọ́tà lọ́wọ́ káńsù, tí wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wá a, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Alárinà ló ń rí i pé máàpù ti wà nílẹ̀ kí sáà tó wọlé, pé òṣìṣẹ́ káńsù wá bá kíláàsì sọ̀rọ̀, pé àwọn ọmọ lọ fojú rí ibẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lókìkí ni, ṣùgbọ́n níbi tí mo ti rí irú àjọṣe báyìí tó dàrú, àìsí ẹni yìí ni mo sábà máa ń bá nídìí rẹ̀.

Tí kíláàsì bá parí, ìwé ogún ọmọ, èrò ogún ọmọ, ni yóò wà nílẹ̀. Káńsù wo ni yóò ka gbogbo ìyẹn? Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà nínú kíláàsì yẹn ni wọ́n máa ń gbà síṣẹ́, tí wọ́n sì máa ń sanwó fún, kó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìjábọ̀ kan tó já geere. Ìjábọ̀ yìí ni káńsù ń gbà lọ.

Apá owó ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ìlú ló ń sanwó fún yunifásítì. Owó náà kéré sí ohun tí àwọn agbaninímọ̀ràn yóò béèrè, ṣùgbọ́n owó gidi ni. Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí wọn kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ rántí ìwé mi tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Káńsù tí kò náwó kò ní yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní bínú tí ìjábọ̀ kò bá dé. Tí owó bá ti jáde nínú bájẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan wà tí wọn yóò bi pé, “Kí lẹ fi owó yẹn ṣe?”

Àǹfààní kan tún wà tí wọn kì í sábà kọ sórí ìwé. Òṣìṣẹ́ káńsù kò lè dìde ní ìpàdé kó ní kí wọ́n sọ ibi ìgbọ́kọ̀sí di ọgbà ìtura. Wọ́n lè bínú sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ọ́, kó sì gbé àwòrán rẹ̀ síwájú wọn. Tí ará ìlú bá fẹ́ràn rẹ̀, káńsù á tẹ̀ síwájú. Tí wọn bá kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ó tán. Àmọ́ àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àṣẹ ìkọ́lé o. Ẹnjiníà tó níwèé àṣẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣírò afárá kí agbaṣẹ́ṣe tó da kọnkéré.

Ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni èyí ti ṣeé ṣe. Ní àwọn ọdún 1990, ètò kan wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Sustainable Ibadan Project, Ètò Ìtọ́jọ́ Ìbàdàn, tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ràn lọ́wọ́. Ọjà Bódìjà ni èso rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ti so. Ìdọ̀tí ọjà wa kì í ṣe ike nìkan; ewé, èèpo iṣu, èèpo ọsàn àti tòmátò tó ti rà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà náà, wọ́n ṣì ń pa màlúù ní Bódìjà, ìgbẹ́ màlúù kò sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n M.K.C. Sridhar, onímọ̀ ìlera àyíká ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí a lè fi méjèèjì ṣe. Wọ́n á ṣa ọ̀rá àti irin kúrò, wọ́n á da ìyókù pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á sì máa yí i padà. Òkìtì náà á gbóná fúnra rẹ̀ débi pé ooru rẹ̀ á pa kòkòrò àrùn àti èso koríko. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó di ajílẹ̀ dúdú tí wọ́n ń sá, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń dì sápò. Pacesetter ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀. Yunifásítì mú ìmọ̀ wá, ìjọba mú ilẹ̀ àti ẹ̀rọ wá, ọjà mú ìdọ̀tí wá.

Ìṣòro ti wa yàtọ̀ sí ti Oregon. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló pín Ìbàdàn, omi odò Ògùnpa kò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Àkúnya August 1980 pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ti 26 August 2011 pa èèyàn tó lé ní 100, ó sì wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú. Kàlẹ́ńdà ńkọ́? Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Kò sí alárinà tó lè di ihò tó tóbi tó ìyẹn. Owó káńsù ńkọ́? Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ ní July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Níbi tí ìdájọ́ yẹn bá ti fìdí múlẹ̀, alága káńsù lè bá yunifásítì tọwọ́ bọ̀wé láì dúró de gómìnà.

Ohun èlò kan sì ti wà nílẹ̀ fún wa tipẹ́: SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì fún bí oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ wọn ń lọ síbẹ̀ lọ máa ra búrẹ́dì fún ọ̀gá. Tí a bá rán mẹ́wàá nínú wọn lọ sí káńsù kan náà pẹ̀lú ìbéèrè kan náà, kí ìbéèrè náà sì ti wà nílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ètò Ọdún Ìlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láì dá ọ́fíìsì tuntun kankan sílẹ̀.

Nítorí náà, tí àwọn ọmọ onítéèpù bá kanlẹ̀kùn yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè lẹ́tà yunifásítì wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ọ́fíìsì tí wọn yóò gbé iṣẹ́ náà lọ ní káńsù. Tí wọ́n bá ti dáhùn, ẹ mú wọn lọ sí ìdí ògiri tí omi 2011 fi àmì sí, kí wọ́n wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ fi ibi tó gbà wọlé hàn wọ́n, àti ibi tó gbà jáde. Tí màmá àgbà kan bá sì wà nílé tó rántí ti 1980, ẹ gbé àga fún àwọn ọmọ náà kí wọ́n jókòó, nítorí ìtàn náà á pẹ́.