Báǹkì Mẹ́ta ní Kútọnu, Báǹkì Mẹ́jọ ní Èkó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sóṣíálísìmù àti kapitálísìmù ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá kúrò nínú ìwé, kò dìgbà tó bá dé Mọ́síkò. Kó ṣáà ti ré ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1974, Mathieu Kérékou, olórí ìjọba Dahomey, kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè òun yóò máa tọ̀. Lọ́dún kejì, orílẹ̀-èdè náà di Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba gba báǹkì, ìbánigbófò àti epo títà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Kò ṣàìnídìí: àwọn ilé iṣẹ́ Faransé ló di òwò ńlá mú, èrè rẹ̀ sì ń lọ sókè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1989, báǹkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó sún mọ́ ààfin yá owó láìfi ohunkóhun dúró, wọn ò sì dá a padà. Ẹni tó fowó pamọ́ dé ojú kanta, kò rí i gbà. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lo oṣù gbọọrọ láìgbowó. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti kẹ̀yìn sí Marx.

Ìdájọ́ tó yá lẹ́nu ni pé ìjọba kò mọ òwò ṣe. Mi ò lè gbà á tán. Báǹkì aládàáni ni ti Èkó lọ́dún 2009, àrùn kan náà ló sì mú wọn: owó yíyá fún ojúlùmọ̀, àti fún àwọn tó ń fi owó báǹkì ra ìpín báǹkì. Báǹkì àpapọ̀ yọ ọ̀gá márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan nínú oṣù August. Nígbà tó fi máa di October, wọ́n ti di mẹ́jọ, owó tí wọ́n sì fi gbé àwọn báǹkì dìde tó bílíọ̀nù 620 náírà. Lójú tèmi, ẹni tó ni báǹkì kò ṣe pàtàkì tó ẹni tó lè bi ọ̀gá ibẹ̀ léèrè kówó tó tán. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà ní Kútọnu, ta ni yóò bi í? Ní Èkó, àwọn olùdarí tó yẹ kí wọ́n bi í ń bá a jẹun ni.

Àwọn tó fara mọ́ kapitálísìmù á ní ẹni tó tà ládàánù ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ìlú. Òótọ́ ni, agbára ètò náà gan-an nìyẹn. Òun ni kò sì sí lábẹ́ Kérékou, níbi tí ilé iṣẹ́ tó ń pàdánù ti ń gbowó sí i. Àmọ́ oníṣọ́ọ̀bù ni òfin yẹn máa ń mú, kì í sábà mú báǹkì ńlá. Àwọn ti sóṣíálísìmù náà á ní olè ló ba ti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ètò. Ètò tó kó báǹkì àti ìwé ìròyìn sábẹ́ ẹgbẹ́ kan ti ṣílẹ̀kùn kólè tó dé.

Orúkọ ètò kì í tilẹ̀ dúró lójú kan. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà, tí kò pe ara rẹ̀ ní ti Marx rí, ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Bẹ̀nẹ̀ ti padà sọ́nà ọjà, ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti ìjọba China ló wá gbà á ṣe.