Ihò Tí Ó Yẹ Kí A Wò Lára Ọmọ Tuntun

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ bímọ sí ìdálẹ̀, níbi tí kò sí ìyá àgbà tí yóò wẹ ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ìfun ọmọ dàbí ọ̀pá ẹ̀rọ omi tí a dí lórí àti nídìí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó bo ojú méjèèjì. Ti ẹnu a máa là ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ti ìdí a máa là ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Bí iṣẹ́ apá ìdí kò bá parí, a lè bí ọmọ náà láìní ihò ìdí. Nínú ọmọ 5,000, a máa ń rí nǹkan bí ọ̀kan tí ó rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Ẹ yẹ ìdí ọmọ wò ní ọjọ́ tí a bí i. Bí ihò kò bá sí ní àyè rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìgbẹ́ ń gba ibòmíràn jáde, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun gún un. Ẹ má sì fún un ní àgbo. Àwọn dókítà ń ṣe iṣẹ́ abẹ tí ó ń la ọ̀nà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a tètè gbé dé ọ̀dọ̀ wọn ni ó yè, tí ó sì dàgbà.