Pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù oníná: ẹ má fipá ṣí i o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù oníná, tí ìbẹ̀rù ò jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó, ọ̀rọ̀ yín rèé. Tẹ́ ẹ bá tẹ ìṣẹ́jú 30 fún ẹ̀wà, tí kò tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò bàjẹ́ o. Ó dìgbà tí ooru bá kún inú ẹ̀ kó tó máa kà á. Ẹ̀wà máa ń wú, òun àtomi ẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, "Sealing" lẹ máa yí fáàfù orí ọmọrí ẹ̀ sí kẹ́ ẹ tó sè é. "Venting" ló ń tú ooru jáde. Bó bá jinná, ẹ jẹ́ kí píìnì kékeré orí ọmọrí wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ẹni tó bá kánjú, ojú ló máa fi gba ooru. Ṣé nítorí ẹ̀wà lèèyàn á ṣe dèrò ọsibítù?