Àìṣiṣẹ́ VirtualBox lẹ́yìn ìyípadà kernel Linux

VirtualBox jẹ́ sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ Innotek ti orílẹ̀-èdè Jámánì gbé jáde ní ọdún 2007, tí ó sì di ti Oracle ní ọdún 2010. Ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan, èyí tí í ṣe onílé, gba kọ̀ǹpútà mìíràn sínú gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Àlejò lè kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn tí a bá fi Linux tuntun sórí onílé. Ìdí ni pé vboxdrv, ẹ̀yà VirtualBox tí ń ṣiṣẹ́ nínú kernel, gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dà kernel náà mu. Àṣẹ sudo /sbin/vboxconfig ni a fi ń tún un kọ́, bí àwọn fáìlì header ti kernel tuntun bá ti wà nílẹ̀. Bí Secure Boot bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kernel kì í gba vboxdrv tí a kò fọwọ́ sí.

Láti orí Linux 6.12, KVM lè ti gba agbára tí VirtualBox nílò lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Àmì rẹ̀ lórí ẹ̀rọ Intel ni VERR_VMX_IN_VMX_ROOT_MODE. Àṣẹ sudo modprobe -r kvm_intel ni ó ń yanjú rẹ̀.

Kò yẹ kí a pa àlejò rẹ́ nítorí èyí. Inú fáìlì .vdi ni iṣẹ́ inú rẹ̀ sábà máa ń wà, ẹ̀dà rẹ̀ sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe.