Àgbáyun: Igi Ẹlẹ́wà tí ó Yẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin arábìnrin tí inú yín máa ń dùn sí ọgbà ilé, ọ̀rọ̀ àgbáyun ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Owó kékeré kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná lórí òdòdó òkèèrè láti fi ṣe iwájú ilé lọ́ṣọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ igi kan wà nínú igbó wa tí ó rẹwà, tí ó sì tún wúlò.

Igbó òjò ni ilé àgbáyun, irú èyí tí ó wà ní agbègbè Orè àti Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Abẹ́ òjìji àwọn igi ńlá ni ó sì máa ń gbé. Kì í ga púpọ̀. Ewé rẹ̀ tutù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, òdòdó rẹ̀ funfun wẹ́wẹ́, nígbà tí èso bá sì pọ́n, a máa tàn láàrin ewé bí iyùn.

Bí ẹ bá jẹ èso kan, tí ẹ yí i ká nínú ẹnu títí tí kóró nìkan fi kù, tí ẹ wá mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ẹ ó bá a pé ó dùn bí oyin. Ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, ti rí i ní 1725 pé àwọn ènìyàn etíkun wa ń jẹ ẹ́ ṣáájú oúnjẹ. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ náà jáde, wọ́n pè é ní miraculin. Ara ahọ́n ni ó máa ń lẹ̀ mọ́. Bí ohun kíkan bá dé, ahọ́n a gbà á bí ohun dídùn, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sè é o, iná a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ní 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí títa èso gbígbẹ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ń gbìn ín ní ilẹ̀ olótùútù, inú ìkòkò ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ àìkú, nígbà tí tiwa ń bá igbó tí a ń ṣán lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kóró àgbáyun kò ṣe é tọ́jú bí àgbàdo. Bí ó bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Ẹni tí ó sọ ọ́ sínú agolo de òjò ọdún tí ń bọ̀ kò tọ́jú nǹkan kan. Igi tí ó dúró lórí ilẹ̀ nìkan ni ìpamọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá jẹ ẹ́ tàbí ní ọjọ́ kejì, ẹ fọ kóró náà mọ́, kí ẹ sì rì í sínú erùpẹ̀ dúdú abẹ́ igbó, kí ó má jìn ju oríkèé ìka kan lọ. Náílọ́ọ̀nù dúdú tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbin ọmọ kòkó dára fún un. Ó lè tó oṣù méjì kí ó tó hù. Òjìji ni kí ẹ fi í sí, kí ilẹ̀ máa tutù láìjẹ́ pé omi dúró sí i.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀ ni ó fẹ́. Eérú tí a máa ń dà sídìí ẹ̀fọ́, àti omi ọṣẹ tí a fi fọ aṣọ, kì í bá a lára mu. Ewé gbígbẹ ni kí ẹ kó sí ìdí rẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Kò yára dàgbà rárá. Ọdún kìíní, ẹ ó rò pé ó ti kú. Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí so.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe gbogbo èso pupa inú ọgbà ni jíjẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ fi han àgbà. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó di dídùn lẹ́nu kan náà ni yóò dé inú ní kíkan, nítorí náà kí wọ́n má mu ún ní àmujù, nítorí eyín àti inú wọn. Àgbáyun kì í sì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Kí aláìsàn má tìtorí rẹ̀ pa ti dókítà tì. Èso tí a bá já kì í pẹ́ bàjẹ́, òòjọ́ ni kí a jẹ ẹ́.